Mo Lọ Jẹ́ Orúkọ Mi ní Ọ̀tà

Àkùkọ ò tíì kọ ní Ìkirè tí mo ti di ẹrù mi. Bàbá Délé, ọkọ mi, jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Láti ìgbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé dé, ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ní Ìkẹjà, iṣẹ́ mi ní ilé iṣẹ́ bísíkíìtì ní Ṣàngó-Ọ̀tà ni gbogbo wa fi ń jẹun. Iṣẹ́ yẹn gan-an ni mo ń lọ gbé síwájú ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Nígbà tí mo wáṣẹ́ dé Ọ̀tà, wọ́n ní oníwèé mẹ́wàá làwọn ń gbà. Mo bá gba ìwé ẹ̀rí Bọ́lájí, àbúrò mi, mo sì di Bọ́lájí fún ọdún mẹ́fà. Ìsọjí Àjíǹde tí mo wálé fún ló ba nǹkan jẹ́. Mi ò lè gbàdúrà mọ́, orúkọ yẹn ni mo ń rántí ṣáá. Pásítọ̀ ní kí n lọ tún un ṣe. Bọ́lájí ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi tí mo ni ín ò bínú. Ẹ rọra o, ẹnu tí ò dákẹ́ ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́." Ká sòótọ́, ó wù mí kí n dákẹ́, àmọ́ ọjọ́ tí mo pinnu láti lọ ni àdúrà tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu mi.

Mo ra dòdò Ìkirè ìdì mẹ́ta fáwọn tí a jọ ń gbé ní Ilo-Awela, àdúgbò kan ní Ọ̀tà, mo wọkọ̀ dé Ìbàdàn, mo tún wọ ti Abẹ́òkúta, mo wá wọ ti Ọ̀tà níbẹ̀. Owó ọkọ̀ ti fi ìdajì lé sí ti Kérésì. Nígbà tí a kọjá Ìfọ̀, kòtò pọ̀ ju ọ̀nà lọ. Dírẹ́bà wojú mi nínú díńgí.

"Màmá, ẹ ti ń gbàdúrà láti Abẹ́òkúta. Ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?"

"Ọ̀rọ̀ tó wà níwájú mi ni mò ń gbàdúrà sí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tayà mi kún un."

Nílé wa, èèyàn á kúnlẹ̀, á béèrè ọmọ, á béèrè oko. Ní Ṣàngó, "Ṣíìfù wo lo wà?", ìyẹn àsìkò iṣẹ́ wo, ni wọ́n fi ń kí èèyàn. Ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì ilé iṣẹ́ wa kún fáwọn tó ń wá kásúà, ìyẹn iṣẹ́ òòjọ́. Mo kọjá láàárín wọn dé géètì. "Bọ́lájí, you don come?" ni mẹ́gáàdì wí, pé ṣé mo ti dé. Mo dá a lóhùn.

Alhaji tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, àgbàlagbà ọmọ Ọ̀tà, gba lẹ́tà tí mo fi jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó ka ìlà méjì, ó ká a, ó gbé e padà síwájú mi.

"Bọ́lájí, mi ò tíì ka nǹkan kan. Tí mo bá kà á tán, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Mò ń lọ kírun. Tí n bá dé tí mi ò bá lẹ́tà lórí tábìlì, a ò ríra lónìí."

Ó jáde. Mo mú lẹ́tà náà, mo tì í bọ inú báàgì, ọkàn mi sì balẹ̀ wọ̀ọ̀. Owó ilé ìwé Délé wà, oúnjẹ wà. Mo dé ẹnu ọ̀nà. Ìgbà yẹn ni mo gbìyànjú láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Jésù, ọ̀rọ̀ ò jáde. Mo padà, mo fi lẹ́tà lélẹ̀. Mo ń sunkún.

Alhaji dé, ó rí i, ó mí kanlẹ̀. Ó kà á parí.

"Kí lorúkọ ẹ gan-an?"

"Wúràọlá, sà."

Ó ní kí wọ́n tẹ̀wé fún mi. "Ọlọ́hun á ṣílẹ̀kùn míì," ló wí, kò sì wojú mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni mo dé Ìkirè. Ohun tí ìrìn náà kọ́ mi ni pé ẹ̀rù kì í kọ́kọ́ tán kéèyàn tó gbọ́ràn. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Bàbá Délé ka ìwé náà lẹ́nu ọ̀nà, ojú ẹ̀ rọ.

"Ìyá Délé, wọ́n lé ẹ ni wọ́n kọ síbí."

"Ka ti òkè."

Kò sí ìwé kan láti ilé iṣẹ́ yẹn tó jẹ́ tèmi rí. Ó gbé e súnmọ́ àtùpà.

"Wúràọlá," ló kà.

Mo ní, "Èmi nìyí."