Ta Ló Fọwọ́ Kan Ẹ̀rọ Yìí?

Tí èèyàn bá dé Koumassi Remblais tó ń béèrè Lábọ̀dé, á béèrè títí ilẹ̀ á fi ṣú. "Ingénieur", ìyẹn ẹnjiníà, ni kó béèrè. Lábọ̀dé fúnra rẹ̀ ló fún ara rẹ̀ ní oyè náà, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sára báàgì. Rédíò ló ń tún ṣe nígbà tó dé Abidjan, àmọ́ nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ó ṣe bí ẹni tí kò rí rédíò rí.

Bó bá wọ ilé oníbàárà, kì í wo kọ̀ǹpútà. Ojú àwọn ará ilé ló máa ń wò.

"Ta ló fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí?"

Ọkọ á máa wo ìyàwó, ìyàwó á máa wo ọmọ. Kí wọ́n tó parí ìjà, Ingénieur á ti fi sídíì tún gbogbo rẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀, wọn á sì gbà pé olóye ni.

Lọ́dún 2007, ó fi Linux, ètò tó ń darí ẹ̀rọ, sínú kọ̀ǹpútà Tawakalitou tó ní ilé fọ́tò. Ní Sátidé kan ó ní àyè ti há nínú ẹ̀rọ náà, ó bá a gbá inú rẹ̀ mọ́. Nígbà tó di Mọ́ńdè, ètò tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò kọ̀, kò ṣí. Wọ́n ránṣẹ́ sí i.

"Ta ló fọwọ́ kàn án?"

Tawakalitou yíjú sí Anita, ọmọbìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́. "Tó bá jẹ́ ìwọ ni, kó ẹrù ẹ."

Iṣẹ́ yìí ni Anita fi ń bọ́ ìyá rẹ̀. "Tantie, kì í ṣe èmi, je te jure, mo búra."

Lábọ̀dé mi orí tàánútàánú. Ó fi pásíwọ̀ọ̀dù tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ẹni tó ni ẹ̀rọ, wọlé, ó sì pe ètò náà. Ìlà kan jáde. Ó fẹ́ tì í pa bó ṣe máa ń ṣe, àmọ́ Anita ti kà á.

"Tonton, ó ní òun ò rí fáìlì kan. Libjpeg."

"Mo mọ̀. Fáìlì tí àwọn ètò jọ ń lò láti ṣí fọ́tò ni." Kò ka irú ìlà bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. "Ẹni tó pa á rẹ́ ni mò ń wá."

Anita bá na ọwọ́, ó tẹ bọ́tìnnì tó máa ń dá ohun tí wọ́n ti tẹ̀ sẹ́yìn padà. Lábọ̀dé ló kọ́ ọ. Lẹ́ẹ̀kejì tó tẹ̀ ẹ́, àṣẹ Sátidé yọ jáde: rm /usr/lib/libjpeg.so, ìyẹn: Pa á rẹ́.

"Ingénieur," ni Tawakalitou wí pẹ̀lẹ́, "ta ló fọwọ́ kàn án?"

"Ìmọ́tótó ni, Madame." Ó wúkọ́. Ó fi sídíì dá fáìlì náà padà, ètò ṣí. Kó tó gbé báàgì, ó yára nu ìlà Sátidé yẹn kúrò.

Ó ti pẹ́ jù. Anita ti fi kámẹ́rà ya ojú kọ̀ǹpútà. Òun ni fọ́tò àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ náà tẹ̀ lẹ́yìn tó gbádùn, ẹ̀dà mẹ́rin, ìwọ̀n ti carte d'identité, káàdì ìdánimọ̀. Tawakalitou gé ọ̀kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri láàárín fọ́tò àwọn ìyàwó tuntun.

Lọ́sẹ̀ kejì, Ingénieur wọlé, ó rí i.

"Ta ló..." ló bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé ìyókù mì.