Òkúta Tí Wọ́n Dì Sẹ́yìn Tírélà

Baba Rọra ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin yìí. Àwọn awakọ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí ìrìn rẹ̀ lójú títì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi ọkọ̀ fa tírélà. Irin, sìmẹ́ǹtì, ẹ̀rọ amúnáwá, ohun tó bá ṣáà ti wúwo, òun ni wọ́n ń wá wá. Ìyàwó rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà ayé rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n máa fẹsẹ̀ rìn lọ ní tèmi, bàbá ọmọ mi. Tí mo bá débẹ̀, màá se oúnjẹ dè yín."

Á kàn rẹ́rìn-ín. Kì í fa ẹrù tí kò bá tíì yẹ̀ wò. Á wo ìkọ́ tó so tírélà mọ́ ọkọ̀. Á fẹsẹ̀ gbá táyà. Á wá rìn jìnnà díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀, á wò ó bóyá tírélà náà dọ́gba. Ohun tó wúwo gbọ́dọ̀ sún síwájú táyà tírélà díẹ̀, ní ìhà ọ̀dọ̀ ọkọ̀. Tó bá wà lẹ́yìn, iwájú tírélà á fúyẹ́, ìdí rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fì bí ìrù ajá. Ó ti rí ọkọ̀ tó dojú dé báyẹn. Ó bá wọn gbé òkú níbẹ̀. Ohun tó sọ ọ́ di Baba Rọra nìyẹn.

Ìyàwó rẹ̀ wá kú. Nígbà tó yá, wọ́n fẹ́ gbé òkúta sórí ibojì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó náà ló gbẹ́ ẹ, torí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó kọ orúkọ àbúrò rẹ̀ sí i, kò jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án. Eruku òkúta bo gbogbo nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, títí kan irùngbọ̀n òun fúnra rẹ̀.

Ibẹ̀ ni tírélà sùn mọ́jú. Nígbà tí Baba Rọra àti ọmọ rẹ̀ obìnrin dé láàárọ̀, wọ́n bá òkúta lórí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Mo ti bá ọ dì í. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo gbé e sí. Tá a bá dé itẹ́ òkú, a kàn máa fà á bọ́ sílẹ̀ ni."

Baba Rọra fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wò ó.

"Ṣé iṣẹ́ mi lo fẹ́ yẹ̀ wò, àna mi?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ta ni mí?"

Ojú tì í. Báwo lèèyàn ṣe máa tún ẹrù àna ẹni dì lójú rẹ̀, nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Ó wọ ọkọ̀. Ọmọ rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó rẹ̀ bí fún un, jókòó tì í. Ẹ̀gbọ́n wa ọkọ̀ tirẹ̀ tẹ̀ lé wọn.

Ibi tó tẹ́jú kò burú. Nígbà tí wọ́n dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, eré ọkọ̀ lé sí i. Sìtíárì fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú dígí, ó rí tírélà tó ń yọjú lọ́tùn-ún, tó tún ń yọjú lósì.

"Bàbá, ẹ tẹ bíréèkì!"

"Mi ò ní tẹ̀ ẹ́. Di ilẹ̀kùn mú."

Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù tó ń mú ọkọ̀ sáré. Ó di sìtíárì mú gbọin, kò yí i sọ́tùn-ún sósì tẹ̀ lé tírélà. Tó bá fi lè tẹ bíréèkì lójijì, tírélà á ti ọkọ̀ yí po. Tírélà fì, ó tún fì. Ọkọ̀ ńlá kan fọn fèrè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Díẹ̀díẹ̀, eré ọkọ̀ dín kù, fífì náà dákẹ́. Ìgbà yẹn ló tó rọra fẹsẹ̀ kan bíréèkì, tí wọ́n fi dúró létí títì. Ọmọ náà ń sunkún.

Ẹ̀gbọ́n sáré dé. "Kí ló dé tó o fi ń jó lójú títì?"

"Òkúta ló ń jó, ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe èmi. Ẹ̀yìn ló wà. Ẹ jẹ́ ká tì í síwájú."

"Lórí irin yìí? Yóò fọ́! Rọra máa wà á lọ. Àbí orúkọ rẹ kọ́ nìyẹn?"

"Rírọra ò tó."

"Ṣó o mọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe pẹ́ mi lọ́wọ́ tó? Orúkọ àbúrò mi ló wà lára ẹ̀!"

Baba Rọra kò pariwo sí àna rẹ̀ rí. Kò pariwo lọ́jọ́ yẹn náà. Ó nawọ́ sí ọkọ̀.

"Àbúrò yín ló bí ìyẹn. Tí òkúta bá fọ́, ẹ ó gbẹ́ òmíràn. Òun ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n wo ọmọ náà títí. Ó lọ mú ọ̀pá irin àti páìpù wá látinú ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀pá gbé òkúta sókè, wọ́n ki páìpù bọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n ń tì í. Ó yí gbirigbiri kọjá táyà. Ó wá kọlu irin ẹ̀gbẹ́ tírélà, igun rẹ̀ kan sì ṣẹ́. Gbogbo wọn gbọ́ ọ.

Baba Rọra dì í. Ó rìn jìnnà díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó láti ibí."

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ tì í. Àwọn méjèèjì jọ wò ó.

Ní itẹ́ òkú, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n ní láti fa òkúta la gbogbo tírélà já kó tó kan ilẹ̀. Àwọn ẹbí tó ti ń dúró wá bá wọn fà á. Ìyá àgbàlagbà kan láàárín wọn rí igun náà.

"Háà! Ta ló ba òkúta yìí jẹ́?"

Gbogbo ojú yí sí Baba Rọra.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Èmi ni. Ibi tí kò yẹ ni mo gbé e sí."

Baba Rọra di ẹ̀gbẹ́ kejì òkúta mú, wọ́n sì jọ gbé e kalẹ̀.