Ẹni Tó Dúró fún Mi Níbi Èsúsú

Láyé ọjọ́un, kí òmìnira tó dé, iṣẹ́ télọ̀ ni mo ń ṣe n'Ìwó. Kuta ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n bàbá mi ti kú, ìyá mi tẹ̀ lé e, àwọn ẹbí tó kù sì ń wò mí bí ẹrù. Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo wá gba yàrá kan ní agboolé ńlá kan. Bí wọ́n bá ń gbé àwo oúnjẹ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n á fo tèmi. Ó máa ń dùn mí. Ilé ni mo ń fẹ́, ilé tèmi, tí ẹnikẹ́ni ò ní lè pè mí ní àlejò nínú rẹ̀.

Bàbá arúgbó kan ní ilé alámọ̀ oníyàrá méjì lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Ìyàwó wọn ti kú, ọmọ wọn obìnrin sì ń ránṣẹ́ láti Ìbàdàn pé kí wọ́n máa bọ̀. Bàbá ní àfi tí àwọn bá ta ilé. Ibi tí mo ti ń kí wọn láràárọ̀ ni mo ti gbọ́.

Èsúsú nìkan ló lè gbà mí. À ń dá a lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. Gbogbo wa á dáwó jọ, ẹnì kan á kó o, ó di ti ẹlòmíràn lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tuntun ló ń gbẹ̀yìn, torí ẹni tó bá tètè kó o lè sá lọ. N kì í pẹ́ dé, n kì í san àbọ̀. Bí mo bá ti san tèmi, ó di ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó kù á jókòó, wọ́n á máa jẹ ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀, wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ. Èmi rò pé ẹni tó ń san déédéé ni wọ́n ń fọkàn tán.

Nígbà tí oníṣòwò kòkó kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú sí ilé Bàbá, mo mọ̀ pé ó fẹ́ rà á. Mo dọ̀bálẹ̀ fún alùfáà tó jẹ́ olórí èsúsú, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ kó, kí n fi ra ilé Bàbá.

Wọ́n ní, "Ta ni yóò dúró fún ọ?"

Mo wo ojú àwọn èèyàn náà. Ẹni tó ń wo ẹní ń wo ẹní, ẹni tó ń fa tẹ̀súbáà ń fà á. Ọ̀kan tilẹ̀ bi ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Kí lorúkọ télọ̀ yìí gan-an?" Èmi tí mo rán ṣòkòtò tó wà nídìí rẹ̀!

Alùfáà rẹ́rìn-ín. "Télọ̀, owó rẹ la mọ̀, a ò mọ̀ ọ́. Ìwọ tí ò ń ránṣọ, ṣé wọn ò sọ fún ọ pé èèyàn bo ni lára ju aṣọ lọ ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wo ló wà níbẹ̀? Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi.

Mo yà sọ́dọ̀ Bàbá, mo ní kí wọ́n máa ta ilé fún ẹni tó lówó. Wọ́n mú ọ̀pá, wọ́n ní ó yá, ká lọ.

Nígbà tí a dé ibi èsúsú, Bàbá ní, "Èmi ni mo dúró fún un."

Alùfáà yanu. "Háà, Bàbá! Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ilé lẹ tún fẹ́ dúró fún ẹni tó fẹ́ rà á?"

"Bó bá sá, ẹ ta ilé náà, kí ẹ fi dí owó yín. Láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ mi ti kú, ta ló ń yà wò mí nínú yín? Ilẹ̀ kì í mọ́ kí ọmọ yìí má wá kí mi. Èmi mọ̀ ọ́n."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n gbé owó fún mi.

Mo sanwó fún Bàbá níṣojú ẹlẹ́rìí, ilé di tèmi. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, mo bá wọn gbé àpótí dé ibi tí lọ́rì ń dúró sí. Wọ́n ní ilé náà á tù mí lára, mo ní àmín. Lọ́rì gbéra. Mo padà sílé mi, mo ṣílẹ̀kùn, mo jókòó. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ mí n'Ìwó, owó mi ni mo sì fi sìn wọ́n lọ sí Ìbàdàn.