Gíríìsì Inú Kíbọ́ọ̀dù Ọkọ Mi

Mo ti jowú obìnrin rí, mo sì mọ bó ṣe ń rí. Ti kíbọ́ọ̀dù ló ṣàjèjì sí mi.

Yàrá kan àti pálọ̀ la gbà ní Sùúrùlérè. Ọkọ mi ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní igun kan nínú pálọ̀, èmi ń ránṣọ ní igun kejì. Ní Sátidé kan, ó tú kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ palẹ̀ sórí tábìlì oúnjẹ. Ó yọ àwọn súwíìṣì tó wà lábẹ́ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì tíńtín pa gíríìsì sínú wọn, kí ohùn wọn lè rẹlẹ̀, kí wọ́n sì rọ̀ lábẹ́ ìka. Tó bá to ọ̀kan pa dà tán, á gbé e sétí, á tẹ̀ ẹ́, á rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkùnrin tí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ mi dé ìparí!

Láti ìgbà òjò ni máṣíìnì mi ti ń ké bí ẹni tí wọ́n ń fún lọ́rùn. Mo sọ fún un títí, ó kọ etí ikún sí mi. Ọ́ìlì wà lábẹ́ ìjókòó mi, mo sì mọ ibi tí wọ́n ń kán an sí. Mo kàn fẹ́ kó gbọ́ ni.

Nígbà tó ṣe tán, ó ní òun fẹ́ ṣe fídíò kí àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀ lórí ayélujára lè gbọ́ bó ṣe ń dún. Ó pa fáànù, ó ti fèrèsé, ó ní kí n ṣe jẹ́ẹ́. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ báyìí, èmi náà fẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì mi, mo rán etí ìró kan látòkè délẹ̀. Kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ariwo mi ti mọ́ ọn létí, bíi ti jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé fóònù dání wá bá mi. Ẹnì kan tí kò mọ̀ rí ti kọ ọ́ sábẹ́ fídíò náà pé kí ló ń ké lẹ́yìn, pé kó jọ̀ọ́ fi gíríìsì sí ìyẹn náà.

"Ṣé máṣíìnì ẹ ló ń dún báyìí?" ó bi mí. "Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

Mo fa ọ́ìlì yọ lábẹ́ ìjókòó mi, mo nà án sí i. Ó kúnlẹ̀, ó kán ọ́ìlì síbi gbogbo, ó gbé etí lé e. Nígbà tí mo tún tẹ̀ ẹ́, kò ké mọ́. Ó béèrè bóyá inú mi ti wá dùn.

Mo ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ̀wé sí yín."