Ohun Tí À Bá Ṣe

Bí mo bá ti gbóòórùn gàrí tí wọ́n ń yan, ẹ̀yìnkùlé wa ní Arakale, l'Ákùúrẹ́, ni ọkàn mi ń lọ. Iṣẹ́ olùkọ́ tí ìyá mi ń ṣe kò bọ́ ilé mọ́ nígbà náà, òun tó kẹ́kọ̀ọ́ èdè Sípáníìṣì ní yunifásítì sì ń yan gàrí tà. Bó ti ń yan gàrí ló ń kọ́ mi: òun a sọ ọ́ ní Yorùbá, èmi a dá a padà ní Sípáníìṣì.

"Ǹ bá sọ̀rọ̀?"

"Hablaría."

"À bá jẹun?"

"Comeríamos."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá ìyá mi ti Oǹdó dé, ó jókòó tì wá. Èéfín ń ta mí lójú, ṣùgbọ́n n kò ṣi ìdáhùn kankan.

"Kí lọmọ yìí ń sọ?"

"Èdè òyìnbó mìíràn ni, Màámi. Ohun tí èèyàn ì bá ṣe bọ́nà bá là."

Màmá àgbà nu eérú kúrò níwájú orí mi, ó wá kọjú sí ìyá mi. "Jẹ́ kó dúró tì ọ́."

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ó wá mú mi lọ sí Oǹdó ni, nítorí oúnjẹ kò tó wa.

Nígbà tí mo sin Màmá àgbà lọ wọkọ̀ ní gáréèjì, ó ní kí n sọ èdè náà kí dẹ́rẹ́bà gbọ́. Mo na ọrùn, mo kà á láti orí "ǹ bá" dé "wọn ì bá", gbogbo ọkọ̀ sì dákẹ́ fún mi.