Òkè Tí Àkànní Fi Kẹ̀kẹ́ Gùn

Àkànní, ọkọ mi. Àkànní ọmọ alágbẹ̀dẹ. Ọmọ a-fi-ewìrì-jí-iná. Ọmọ irin-gbóná-kò-bà-wọ́n-lẹ́rù. Ọmọ òkè-kò-ga-jù-fún-ẹsẹ̀. Ọmọ a-lọ-má-wẹ̀yìn, tí ọ̀nà ń yà fún.

Báyìí ni ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ. Mo kúnlẹ̀ lórí ẹní, mo ń sọ ọ́ tẹ̀lé e. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, kò sì sí tíṣà tó kọ́ mi dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Tí mo bá kì í láàárọ̀, á fò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tí wọ́n fi iná kàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé Corduff, ní Dublin nílẹ̀ Ireland, ògiri ilé wa fẹ́lẹ́, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì sì ń sọ pé ọ̀rọ̀ ewìrì àti irin yẹn jọ ti Ògún jù. Mo bá dákẹ́. "Good morning, Daddy" ni mo wá ń sọ. Òun náà ò bi mí léèrè. Ẹ̀yin ni mo máa ń pè é lójú ayé o. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó jẹ́ tèmi.

Orúkọ gbogbo àwọn tó bá wa rìn lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí ni mo mọ̀, títí kan ajá tó tẹ̀ lé wa. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, kí ẹnikẹ́ni má bàa wá bá mi nílé pé mo fi òun sínú ìwé.

Kẹ̀kẹ́ ló fà á. Nígbà tí ìwé ìgbélùú wa jáde, tí ọkọ mi ríṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí kan ní Damastown, kẹ̀kẹ́ ló ń gùn lọ, nínú òjò, nínú atẹ́gùn. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, kẹ̀kẹ́ ò bá a fẹ̀yìn tì. Òun ló fi ń lọ ra búrẹ́dì, òun ló fi ń lọ kí èèyàn dé Lucan. Àfìgbà tó ṣubú lẹ́yìnkùlé wa lọ́jọ́ kan, tí orúnkún rẹ̀ wú. Ọmọ wa obìnrin, nọ́ọ̀sì ni, ó dé, ó wo orúnkún, ó wo kẹ̀kẹ́. Ọmọ yìí gbọ́ Yorùbá bí ẹní gbọ́ orúkọ ara ẹ̀, òyìnbó àwọn ará Dublin ló kàn máa ń fi dáhùn. Ó ní òun ti rí ẹni tó máa wá gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ, pé Daddy ti dàgbà jù.

"Ṣé kí n wá máa jókòó sójú fèrèsé bí òdòdó inú ìkòkò?" ni ọkọ mi bi í.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni aládùúgbò wa, ìyá àgbà Irish kan tó ti wa bọ́ọ̀sì rí, wá sọ fún wa nípa ìrìn àdúrà etí òkun. Lọ́dọọdún, nígbà ooru, àwọn ará ìjọ rẹ̀ máa ń tọ ọ̀nà tí àwọn olùfọkànsìn àtijọ́ ń gbà. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ á gbéra ní Clontarf, àwa ẹlẹ́sẹ̀ á dúró dè wọ́n ní Sutton, gbogbo wa á jọ gun òkè Howth, a ó sì gbàdúrà lórí rẹ̀ pátápátá, níbi tí òkun ti yí èèyàn ká.

"Ṣé òkè yẹn ga?" ni ọkọ mi béèrè.

"Á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹ́," ni ìyá àgbà wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "But you'll be grand."

Ọkọ mi yíjú sí ọmọ wa. "Tí mo bá fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ kí n tó dé orí òkè yẹn, gbé kẹ̀kẹ́ lọ. Tí mi ò bá fi kàn án, má tún dá ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ nínú ilé yìí títí Jésù á fi dé."

"Deal," lọmọ wí kíá. Ó mọ òkè náà.

Ọjọ́ yẹn, háà! Oòrùn yọ bí ẹni pé ṣe ló ṣìnà wá sí Dublin. Òkun ń dán yanran. Igbó ẹlẹ́gùn-ún ara òkè yọ òdòdó yẹ́lò láti òkè délẹ̀. Àyà mi ń lù bíi ti ọmọdé ọjọ́ ọdún. Èmi tí mo gbọ́ pé ìrìn àdúrà ni, ààwẹ̀ ni mo gbà, omi ò kan ẹnu mi láti òwúrọ̀. Mo dé Sutton, mo bá gbogbo wọn lórí odi etí òkun, wọ́n ń jẹ sáńwíìṣì.

Mo bi ìyá àgbà pé, "Ẹ ò gbààwẹ̀ ni?"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ta ló ń fi ikùn òfo gun òkè?" Ó na ọ̀kan sí mi. Mo wojú ọ̀run lẹ́ẹ̀kan, mo gbà á, mo jẹ ẹ́.

A gbọ́ aago kẹ̀kẹ́. Wọ́n dé! Ọkọ mi ló kẹ́yìn, akoto orí rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Ọmọ wa wà lórí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò lẹ́sẹ̀ bàbá rẹ̀ bíi ti rẹfirí.

Bí òkè ṣe bẹ̀rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ọkọ mi lọ́ra. Ó lọ́ra títí àwa ẹlẹ́sẹ̀ fi bá a. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ yòókù ti wà níwájú. Òógùn ń kán, táyà iwájú ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo rí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tó kúrò lórí pẹ́dàlì. Ọmọ wa náà rí i, kò sì rẹ́rìn-ín. "Dad, put it down," ló ń wí, bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. "It's only a bike."

Ẹnu mi ti là kí n tó mọ̀.

"Àkànní! Àkànní ọmọ alágbẹ̀dẹ!"

Ẹ̀yìn rẹ̀ nà. Ẹsẹ̀ òsì padà sórí pẹ́dàlì.

"Ọmọ a-fi-ewìrì-jí-iná! Ọmọ òkè-kò-ga-jù-fún-ẹsẹ̀! Ọmọ a-lọ-má-wẹ̀yìn!"

Mo ń sáré tẹ̀ lé e, mo ń kì í. Àwọn òyìnbó ò gbọ́ ẹyọ kan nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ìyá àgbà ń pariwo "Go on! Go on!", ajá ń gbó. Orí ọkọ mi wú, mo rí i láti ẹ̀yìn! Kẹ̀kẹ́ ń gun òkè bí ewúrẹ́. Ó dé orí òkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀.

Kò sì dúró.

Ó kọjá lára fáda tó ti ṣí Bíbélì sílẹ̀, ó dorí kọ ọ̀nà ìsàlẹ̀ kejì, ó di èbúté tó wà lẹ́yìn òkè. "Bíréèkì! Ẹ tẹ bíréèkì!" Ta ni mo ń bá wí? Àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó ti ń sinmi rí i bó ṣe kọjá fìrì, wọ́n rò pé wọ́n ti gbé àdúrà lọ síbòmíràn, ni wọ́n bá tò tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Fáda pa Bíbélì dé. Ó ní ó jọ pé èbúté ni Olúwa wà lónìí.

Nígbà tí mo fi máa sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀, ọkọ mi ti jókòó sórí odi, ó ń jẹ ọ̀dùnkún díndín ọlọ́dùnkún.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò dúró?"

"Ìwọ lo kì mí. O ní a-lọ-má-wẹ̀yìn. Níbo ni 'dúró' wà nínú ẹ̀?"

Ọmọ wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Keep your yoke, Dad," ló wí, kẹ̀kẹ́ ló ń pè bẹ́ẹ̀ ní òyìnbó Dublin, ó sì bá a tún akoto rẹ̀ ṣe. Létí omi níbẹ̀ la ti gbàdúrà, àwọn ẹyẹ òkun ń bá wa ṣe àmín.

Láti ọ̀la ọjọ́ náà ni mo ti ń kì í láràárọ̀ padà. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ lára ògiri, kó gbọ́. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jálẹ̀ ìgbà ooru yẹn, ó gùn ún títí ewé fi wọ́ dànù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú òtútù, mo kì í, kò dìde. Mo tún un kì.

Ní ibojì, pásítọ̀ ṣe tirẹ̀ tán. Ọmọ wa, tó ti kẹ̀kẹ́ náà wá láti ẹnu géètì, fọwọ́ tọ́ mi. Yorùbá ló fi sọ ọ́: "Mummy, ẹ kì wọ́n."

Mo kì í délẹ̀. Mi ò sọ pé kó dúró.

Ọjọ́ Ẹtì la sin ín.