Wọ́n Ní Sàídátù Rin Ìrìn Àjò

Sàídátù Gbádérọ̀ kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lórí àtẹ̀gùn ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Bódìjà, níbi tó ti ń gbé oògùn àárọ̀ lọ sí òkè. Wọ́n gbé e lọ sí Ìgbòho, ìlú rẹ̀, lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Ilé ìtọ́jú nu àtẹ̀gùn, wọ́n ṣa oògùn tó fọ́n ká, wọ́n wá sọ fún gbogbo àwa tí a ní òbí níbẹ̀ pé Sista Sàídátù rin ìrìn àjò.

Irú ìrìn àjò wo ni èèyàn ń lọ láìwọ bàtà?

Òun ni olórí àwọn tó ń fún àwọn arúgbó ní oògùn, tó ń wẹ̀ wọ́n, tó ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ̀yìn wọn má baà dá egbò. Ó lé ní ogún arúgbó tó wà nílé náà. Olùrànlọ́wọ́ mẹ́rin ló wà lábẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Méjì lọ, wọn ò gba ẹlòmíràn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀, kí ẹ sọ fún mi ibi tí iṣẹ́ àwọn tó lọ já sí, bí kò bá ṣe orí obìnrin kan ṣoṣo.

Ìyá mi wà lára àwọn arúgbó náà. Mo mú wọn lọ síbẹ̀ nígbà tí oníkẹ̀kẹ́ kan rí wọn ní Òjóò, tí wọ́n ń bi àwọn awakọ̀ léèrè ilé bàbá wọn ní Ṣakí, bàbá tó ti kú kí wọ́n tó bí mi. Bí ìyá mi ṣe gbàgbé nǹkan tó, wọn ò gbàgbé ọgbọ́n àtifi oògùn pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Sàídátù nìkan ló mọ bó ṣe ń mú wọn.

"Ará Ṣakí, ẹ la ẹnu yín kí n rí i. Àbí kí n lọ sọ nílé pé hóró oògùn kan ló lé yín sá?"

"Níbo nilé? Ìgbòho? Ẹ̀yin tí iṣu yín ò tó àtàǹpàkò?"

"Ẹ gbé e mì ná, ká tó wá sọ̀rọ̀ iṣu."

Wọn á bú sẹ́rìn-ín, oògùn á sì wọlé. Mo gbọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ pé ẹni tó bá fún arúgbó lóògùn ni kó dúró wò ó títí tí yóò fi gbé e mì, òun náà ni kó wá jábọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan oògùn láìjẹ́ pé òun Sàídátù ló pín in fún un. Ọ̀rọ̀ yìí dà bí ìfẹjú mọ́ni lásán létí mi nígbà náà.

Ó máa ń ro ti àpò wa náà. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ ra oògùn ìyá mi jọ nítorí pé ọjà ń gbówó lórí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ra ìwọ̀nba. Bí dókítà bá yí i padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ta lẹ máa tà á fún?" Mélòó nínú àwọn tí à ń sanwó fún ló ń bá wa ro irú èyí?

Orí ń fọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Èmi ni mo bi í bóyá ó ti lọ rí dókítà. Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ Madam. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn rí ẹni tó máa dúró fún mi." Ẹni náà kò dé. Ẹ̀rọ tó fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru gbogbo arúgbó ilé náà wà lórí tábìlì rẹ̀. Ta ló so ó mọ́ apá òun náà?

A mọ àṣà wa. A kì í déédéé túfọ̀ ọmọdé fún àgbàlagbà. A máa ń ní ó rin ìrìn àjò ni, títí a ó fi rí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Àánú ló bí àṣà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fi ṣe.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé ikú rẹ̀, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì yà kí ìyá mi. Mo bá wọn lórí àga, aṣọ wọn tutù rinrin fún òógùn, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọ́n ń wò mí bí ẹni tí wọn ò rí rí. Láwùmí, ọ̀kan nínú olùrànlọ́wọ́ méjì tó kù, dúró tì wọ́n.

"Láwùmí, kí ló ṣe wọ́n?"

"Mi ò mọ̀, Dádì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wọn lóògùn ṣúgà wọn ni."

Islamiat, olùrànlọ́wọ́ kejì, yọ sí wa lẹ́nu ọ̀nà. "Ìwọ fún wọn? Èmi náà ti fún wọn."

Ó ní ṣúgà ara wọn ti lọ sílẹ̀ jù, ó sáré po ṣúgà mọ́ omi, ó ń fi ṣíbí fún wọn díẹ̀díẹ̀. Èmi kò lè ṣe nǹkan kan. Mo di ẹsẹ̀ ìyá mi mú, ó tutù bí irin. Nígbà tí ojú wọn là, mo béèrè ẹni tó ń pín iṣẹ́ oògùn.

"Sista Sàídátù ni," Láwùmí dáhùn.

"Ìgbà wo ló ń bọ̀?"

Islamiat bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Wọ́n ní ká má sọ, Dádì." Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, láti orí àtẹ̀gùn títí dé Ìgbòho.

Mo lọ bá Madam Ọmọ́bọ́láńlé, tó ni ilé náà. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. "Dádì, ẹ má bínú. Ẹ mọ̀ pé a kì í tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sétí àwọn àgbà."

"Èmi ńkọ́? Àbí ẹ ti gba èmi náà sílé ìtọ́jú?"

"Ẹ ṣáà ní sùúrù."

"Ta lẹ fi sípò rẹ̀?"

"Tá a bá fi ẹlòmíràn síbẹ̀ báyìí, gbogbo èèyàn á mọ̀ pé kò padà mọ́."

Ẹ tún un kà. Nítorí kí àwa oníbàárà má baà mọ̀ pé iṣẹ́ pa obìnrin kan, wọ́n fi òkú sílẹ̀ lórí iṣẹ́. Òkú ló ń pín oògùn ìyá mi. Sàídátù tọrọ ìsinmi láàyè, wọn ò fún un. Ó kú tán, wọn ò tún fún un.

Ẹ̀rù ń bà mí. Bí fóònù bá dún, ilé ìtọ́jú ni mo máa ń rò kí n tó wo ẹni tó pè. Mo ti ro gbogbo ọ̀nà tí mo lè fi mú ìyá mi padà sílé: ilé mi lójú títì Ring Road ni, kò sí ẹni tí yóò ṣọ́ ilẹ̀kùn bí mo bá lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀rù sì ń bà mí láti kọ èyí, torí wọ́n lè ní kí n wá kó ìyá mi lọ. Síbẹ̀ ẹ̀rù dídákẹ́ ju ìyẹn lọ.

Madam, ẹ pe gbogbo wa jọ, kí ẹ sọ ọ́ lójú wa pé Sàídátù Gbádérọ̀ kú, pé ẹnu iṣẹ́ yín ló kú sí, àti ẹni tó ní kó má tíì lọ rí dókítà. Ẹ lọ sí Ìgbòho, kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó bí i. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tí ẹ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ṣí ilé náà, ẹ wọlé lọ, ẹ má dúró ní pálọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe yín lálejò. Ẹ gòkè, kí ẹ béèrè ẹni tó mọ ohun tí arúgbó kọ̀ọ̀kan gbé mì.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn lè gba àkókò, ìyá mi kò sì ní àkókò. Lọ́la, kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ, ẹnìkan yóò fún wọn ní oògùn ṣúgà. Ta ni? Ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún mi lónìí, kó sì jẹ́ orúkọ ẹni tó wà láàyè.